Kìnnìún Aláìlórí Lára Ògiri Yàrá Ìyá Mi

Àtìní, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 1876

Ìwé yìí, èmi Jẹ̀mílátù ọmọ Sàláhúdéènì aláṣọ ní Lọ́kọ́jà ni mo ni ín. Ẹni tó bá ṣí i láìtọrọ lọ́wọ́ mi, kí aáyán wọ̀ ọ́ létí. Ìyàwó tíṣà ló fún mi lọ́jọ́ tí Bàbá mi yọ mí kúrò nílé ìwé. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sí i kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin, n ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Inú ló ń bí mi.

Òní ni mo rí nǹkan kọ. Ọkọ̀ àwọn ará Rábà gúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì mú iṣẹ́ wá láti Ìlọrin pé Ìyá mi ti bí. Ọkùnrin ni. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Mọ́nsúrù. Ara tìyá tọmọ le. Bí wọ́n bá ti jẹ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, wọn á wọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sílé.

Gbogbo ilé ń yọ̀. Èmi náà yọ̀, mo jó dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà tí mo fi rántí ohun tí Ìyá mi sọ lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tòun ti oyún, ó wo inú yàrá náà títí, ó wá yíjú sí Bàbá mi.

"Ẹ wò ó, n ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé tí yàrá yìí ṣì dúdú bí inú ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni n ó ti tọ́ ọmọ mi dàgbà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ Ìyá mi. Kì í pariwo. Ohun tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ni kéèyàn bẹ̀rù.

Mo lọ ṣí yàrá náà lónìí. Èéfín ti kun ògiri, ikán ti la ọ̀nà tiẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Alángbá kan wò mí bí ẹni pé èmi ni àlejò.

Ọjọ́ kẹfà

Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá mi, rán mi lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílé tíṣà. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí n gbà kí n máa bọ̀, mo pẹ́ débi pé òjò ká mi mọ́ ibẹ̀. Àwòrán inú pálọ̀ wọn ni mo ń wò. Mẹ́ta ni, wọ́n fi okùn gbé wọn kọ́ sókè nítòsí àjà. Ọ̀kan jẹ́ ilé kan tí nǹkan funfun bò lórí bí òwú. Ìyàwó tíṣà ní omi ni. Mo ní omi báwo, tó ń jókòó sórí ilé? Ó ní òtútù ló jẹ́ kó jókòó. N ò jiyàn torí ilé wọn ni mo wà.

Pálọ̀ yẹn ò tóbi ju yàrá Ìyá mi lọ. Ṣùgbọ́n lójú mi, ńṣe ló dà bí ẹni pé ògiri rẹ̀ ní fèrèsé mẹ́ta sí i.

Mo sọ fún Bàbá mi nígbà tí mo délé pé mo fẹ́ tún yàrá Ìyá mi ṣe, kí n sì fi nǹkan sára ògiri rẹ̀. Ó ní ògiri ni, kì í ṣe ara ìyàwó, kí n fi ẹfun kùn ún kó parí síbẹ̀. Ó tún ní ọ̀rọ̀ yàrá, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ó dáa. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ́tọ́lá gbà! Òun ni obìnrin Oworo tó máa ń rẹ́ ògiri fún àwọn ará àdúgbò Kàbáwà, ọwọ́ rẹ̀ ò láfiwé. Mo ká a mọ́ ibi tó ti ń ta iṣu. Mo kí i ní "Òkun o" bí àwọn tiwọn ṣe ń kí ara wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ahọ́n mi ń tàsé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Aṣọ Ìyá Àgbà kan tó ti gbó ló gbà lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ náà, àti igba owó ẹyọ fún erùpẹ̀ funfun tí yóò wà wá láti ẹ̀bá òkè Pàátì. Owó erùpẹ̀ ti gun òkè ju òkè fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kọkànlá sí ìkẹtàlá

A ti bẹ̀rẹ̀. Apá mi méjèèjì kò ṣe é gbé, ìdí tí mo fi kọ ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ nìyẹn.

A fọkọ́ ha èéfín kúrò. A po amọ̀ pupa mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Mo ní n ò ní fọwọ́ kàn án, Ọmọ́tọ́lá ní ṣé mo rò pé oyin ni wọ́n fi rẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí ni? Mo fọwọ́ kàn án. Nígbà tó gbẹ díẹ̀, ó da omi èèpo igi irú tó ti sè di dúdú lé e lórí, a wá fi òkúta odò dán an. Ẹ̀ẹ̀kan lókè, ẹ̀ẹ̀kan nílẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró. Ó ní bí ọwọ́ bá dúró, ògiri á rántí ibi tó ti dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ la fi erùpẹ̀ funfun kun ìdajì rẹ̀ lókè.

Mo sun bí igi.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò. Òjò. Ògiri ò gbẹ. Odò ti gun etí ọjà. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrònú tí ebi bá bí ló dára jù, mo rí i báyìí.

Ọkọ̀ èéfín òyìnbó ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá mi ti kó ìgàn aṣọ méjìlá wọlé láìyẹ̀ wọ́n wò, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ sí Ìdá fún ọjọ́ márùn-ún. Mo wọ ilé ẹrù lọ gbá ilẹ̀. Àwòrán ni mo rí! Lójú ìgàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ ìwé àwòrán kan mọ́, tó ń dán bí ojú omi: kìnnìún, erin, ẹṣin, ẹyẹ ọ̀kín, ọkùnrin tó gbé agboòrùn, òdòdó, adé, ọkọ̀ ojú omi, ìràwọ̀... Góòlù ló yí etí wọn ká. Àwòrán ilé tíṣà ò tó wọn í wò.

Mo ronú díẹ̀. Aṣọ ni àwọn ènìyàn ń rà, wọn kì í ra ìwé. Bí wọ́n bá délé, wọn á ya ìwé yẹn dà nù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa gbà wọ́n lẹ́nu ewúrẹ́.

Mo fi aṣọ tútù rin wọ́n, mo sì ń ṣí wọn díẹ̀díẹ̀. Méjèèjìlá ló wá ní odindi. Mi ò ní parọ́ fún ìwé yìí: ọkàn mi ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó ń sá. Mo sọ fún un pé kó dákẹ́.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti lẹ̀ wọ́n! Ògì tí mo fi ṣe àtè, ògì sààrì ni. Mo bù ú nípọn sí òkè ìwé kọ̀ọ̀kan kó má baà já bọ́, mo bù díẹ̀ sísàlẹ̀. Mo gun àpótí, mo to gbogbo wọn sókè nítòsí àjà bíi tilé tíṣà, ní ìlà kan gbọọrọ láti igun dé igun.

Nígbà tí gbogbo ilé jí fún sààrì tí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ ò tó, mo ní bóyá ológbò ni. A ò ní ológbò.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìyá Àgbà wọ yàrá náà wá kírun torí òjò ń jò sí tiẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kó yìn mí. Ó gbójú sókè. Ó kà wọ́n: kìnnìún, erin, ẹṣin, ẹyẹ, ọkùnrin. Ó ká ẹní rẹ̀.

"Jẹ̀mílátù, málékà wo lo fẹ́ kó wọ ibi tí kìnnìún jókòó sí? Ohun tó ní ẹ̀mí tó sì ní orí, a kì í kọjú sí i kírun."

Mo ní ìwé lásán ni. Ó ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún málékà. Ó ní àwọn òdòdó àti ìràwọ̀ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yẹn, kí n wá nǹkan ṣe sí orí wọn. Mo sunkún. N ò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe sí orí kìnnìún.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá

Mo fẹ́ kú.

Làtífù, oníbàárà Bàbá mi láti Bídà, dé lónìí láti wá kó aṣọ rẹ̀. Nupe ni, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé tó ti ń bá Bàbá mi ra nǹkan, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan lọ nínú ilé wa. Bàbá mi kó ìgàn méjìlá síwájú rẹ̀. Ó yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún yí wọn wò. Ó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí eruku bá.

Ó ní, "Sàláhúdéènì, aṣọ tí kò ní àwòrán, ọmọ tí kò ní ilà ni. Ta ló mọ ilé tó ti wá?"

Bàbá mi ní aṣọ kan náà tó ń rà lọ́dọọdún ni. Làtífù ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin Bídà kì í ní òun fẹ́ aṣọ, ó máa ń ní òun fẹ́ Kìnnìún, òun fẹ́ Oníràwọ̀. Bí òun bá gbé èyí tí kò lójú dé ibẹ̀, wọ́n á ní ayédèrú ni. Ó ní òun á dúró di ọjọ́ kẹta, bí kò bá sí nǹkan kan, òun á lọ rà níbòmíràn.

Bàbá mi ní àwọn òyìnbó etí odò ló rẹ́ òun jẹ. Lọ́la, ó ní, òun á kó gbogbo rẹ̀ padà lọ fi bọ̀ wọ́n lójú níwájú gbogbo ọjà.

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ọjọ́ kẹfà

Mo sọ.

Ó ti wé láwàní tán, ó ti ń pe àwọn alárù. Mo kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an tí kò fi lè kọjá. Mo ní, "Bàbá, ojú aṣọ yín wà nínú yàrá Ìyá mi."

Kò yé e. Mo mú un lọ. Ó dúró láàárín yàrá, ó gbójú sókè wo ìlà gbọọrọ yẹn láti igun dé igun. Mo ń retí ìgbájú. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé n ò tíì dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Wọn ì bá fi mí ṣe ẹ̀sín títí ọdún á fi yí po." Ó tún wo òkè. Ó ní kí n lọ gbé omi wá.

Ìgbájú kì bá tí dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ keje

Èmi àti Ìyá Àgbà la jọ ṣí wọn. Àwọn méje wá ní odindi: òdòdó, adé, ìràwọ̀, ọkọ̀ àti àwọn mẹ́ta míràn tí kò ní ẹ̀mí. A dé orí àwọn márùn-ún yòókù. Aáyán ti gba igun ìhà ibẹ̀ wọlé ṣáájú wa, a ò sì rí i láti ilẹ̀! Ibi tí mo bu ògì sí nípọn ni wọ́n ti jẹ, ibẹ̀ sì ni orí wà. Kìnnìún ò ní orí. Erin ò ní orí. Ọkùnrin yẹn gbé agboòrùn sórí ọrùn lásán.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo rò pé Ìyá Àgbà náà ń sunkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Fi wọ́n síbẹ̀," ló ń wí. "Ẹ̀dá tí kò lórí kò lẹ́mìí. Aáyán ti ṣe àlùfáà fún wa. Fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n ti mọ́."

Bàbá mi fi oje igi lẹ àwọn méje padà sójú ìgàn wọn. Gbogbo ìgàn ló ní àpá ibi tí ìwé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, èyí róbótó, èyí onígun mẹ́rin, nítorí náà a ò ṣì wọ́n gbé. Làtífù wá. Bàbá mi sọ òtítọ́ fún un láìfi nǹkan pamọ́. Ó wò mí, ó wo Bàbá mi, ó ní òun náà ní ọmọbìnrin mẹ́rin nílé, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé ẹrù òun. Ó kó méje. Ó ní kí Bàbá mi gé márùn-ún yòókù tà fún àwọn ará Lọ́kọ́jà tó mọ ojú ẹni tó ń tà á, torí ojú aṣọ ò sí mọ́.

Kí ó tó lọ, ó ní òun fẹ́ fún ọmọ tuntun ní ẹ̀bùn: àwo tánńganran méjì, ọ̀kan ní etí àwọ̀ aró. Ó ní ní Bídà, ara ògiri ni àwọn obìnrin máa ń rì í mọ́. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí n fi ògì lẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo rò pé Bàbá mi á tì mí kúrò nínú yàrá náà. Nígbà tí a ṣínu tán, ó gbé ife omi rẹ̀ wọ ibẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó gbójú sókè. Ó fọwọ́ pa ọrùn.

"Ìyá rẹ ga tó igi ọ̀pẹ ni?"

Mo ní rárá.

"Ibo ló máa ń jókòó?"

Mo ní orí ẹní. Ó ní ẹ̀ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n. Ó ní orí àga làwọn tíṣà máa ń jókòó, ìdí nìyẹn tí nǹkan wọn fi wà lókè. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ibi tí ojú rẹ̀ bá dé ni ẹwà gbọdọ̀ wà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni! Níbi tí mo jókòó sí, èèrà nìkan ni mo rí níwájú mi lára ògiri. N ò jókòó nínú yàrá yẹn rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é. Orí àpótí ni mo wà ní gbogbo ìgbà.

Ọjọ́ kejìlá

Ọmọ́tọ́lá padà wá. A tún ìsàlẹ̀ ògiri rẹ́, ó sì ri àwo méjèèjì mọ́ ọn nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí wọn yípo títí tí ó fi dà bí ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá mi ló ń pàṣẹ. Bàbá mi tó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni! Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní bí ọmọ ọwọ́ kó lè mọ ohun tí Mọ́nsúrù máa rí.

Ó ní bó ṣe ń tẹ́ aṣọ lọ́jà ló ṣe ń tẹ́ yìí: a kì í kó pupa ti pupa, ohun tí kò bá ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní iyì. Mo ní kí dígí Ìyá mi wà láàárín. Ó ní rárá, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kó lè gbé ìmọ́lẹ̀ òde wọlé. A jiyàn. Mo gbé e síbi tí mo fẹ́, yàrá ṣókùnkùn. Mo gbé e síbi tó fẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sára ògiri kejì, ó ń mì bí omi. Mo bínú ní ìwọ̀nba, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín.

Mo rọra ṣí àwọn márùn-ún kúrò lókè, mo gé ibi tí aáyán jẹ kó tẹ́jú, mo to wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àwo, pẹ̀lú àyè láàárín. Oje igi ni mo fi lẹ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ògì.

Ogúnjọ́

Ọdún! Mo jẹun láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. N ò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ méjì ti dé láti òkè odò. Ìyá mi ò sí nínú rẹ̀. Odò ti ń fà. Bí ó bá pẹ́ jù, iyanrìn á dí ọ̀nà. Àbí ó ti pinnu láti dúró? Mo lọ jókòó nínú yàrá, ó dára débi pé inú bí mi sí i.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá

Ó dé.

Àwọn ọmọ àdúgbò ló sáré wá pè wá. Nígbà tí a dé etí odò, ó ti sọ̀kalẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ìdì ẹrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti nǹkan pẹrẹsẹ ńlá kan tí wọ́n fi ẹní wé. Mo gba Mọ́nsúrù. Orí rẹ̀ gùn, kò ṣe nǹkan kan, yóò ṣe róbótó.

Nígbà tó délé, Ìyá mi ò wọ yàrá. Ó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dáhùn kíkí gbogbo ará ilé, ó mu omi, ó bi Ìyá Àgbà léèrè ara rẹ̀. Kò tú ẹrù rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ló tó dìde pé òun fẹ́ lọ fún un lọ́mú. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Bàbá mi ń ṣe bí ẹni pé òun kàn ń kọjá lọ ni.

Ó wọlé. Kò gbójú sókè rárá. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ọmọ sáyà, ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ó wo àwo. Ó wo ìmọ́lẹ̀ tó ń mì lára ògiri.

"Ta ló pa kìnnìún yìí?" ló wí.

Ìyá Àgbà ní, "Aáyán ni. Ó pè bísímílà kó tó jẹ ẹ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé ọmú bọ́ lẹ́nu ọmọ, ọmọ figbe ta. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgàn aṣọ, Làtífù, sààrì, Bàbá mi tó dojú bolẹ̀. Ìyá mi wo Bàbá mi títí tó fi ní òun ń lọ wo ilé ẹrù.

Nígbà tí ọmọ sùn, Ìyá mi ní kí n gbé nǹkan pẹrẹsẹ yẹn wá. Ọmọrí àwo mẹ́ta ni, tí wọ́n fi koríko hun, pupa àti dúdú yíká bí ojú oòrùn, èyí tó tóbi jù tó agboòrùn ọkùnrin aláìlórí yẹn. Ìyá rẹ̀ ló hun wọ́n. Ó ní látìgbà tí òun ti bímọ lòun ti ń ro ibi tí òun máa gbé wọn kọ́ sí nínú yàrá yìí, òun rù wọ́n láti Ìlọrin dé Rábà lórí, òun kò jẹ́ kí alárù kankan fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo wo ògiri. Kò sí àyè kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ sún kìnnìún yín," ni Ìyá mi wí. "Ẹ gbé erin lọ sọ́hùn-ún. Jẹ̀mílátù, pe bàbá rẹ kó mú èèkàn wá."

A ti ń tò ó láti ìgbà náà, a ò tíì gbà lórí ohunkóhun. Bàbá mi ní pupa ò gbọdọ̀ ti pupa, Ìyá mi ní ta ni yóò máa sùn níbẹ̀. Mo jókòó sí igun, mo ń kọ èyí lórí itan mi. Ìdì ẹrù méjèèjì ti tú kalẹ̀ láàárín yàrá, aṣọ rẹ̀ ti wà lórí okùn.